Komla Dumor àti Òmìnira Tó Bí Ohùn Rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 2014 ni ìròyìn jáde láti Lọ́ńdọ̀nù pé Komla Dumor ti dágbére fáyé. Ẹni ọdún 41 péré ni. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì nínú ilé rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí gbogbo ayé rí i lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán BBC, tó ń ròyìn ikú àti ìsìnkú Nelson Mandela. Ẹni tó ń ròyìn òkú àgbà lánàá ló di ẹni tí wọ́n ń ròyìn ikú tirẹ̀ lónìí. Ikú kò dọ́jọ́, àrùn kò dóṣù. Àwọn tí kò bá a pàdé rí láyé ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. John Mahama, tó jẹ́ ààrẹ Gánà nígbà náà, kà á mọ́ àwọn aṣojú tó dára jù lọ tí orílẹ̀-èdè náà ní, bẹ́ẹ̀ ìjọba kankan kò fi í jẹ ikọ̀ rí.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń rántí rẹ̀, ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, àti ẹ̀rín rẹ̀, àti bó ṣe máa ń jókòó níwájú ẹni tó bá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Wọ́n ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí tó bá dúró sórí ẹ̀bùn nìkan kò tíì sọ ìdajì ìtàn náà. Ohùn dídùn pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí wọ́n tó bí Dumor, ó sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó sọ ohùn tirẹ̀ di èyí tí mẹ̀kúnnù ń dúró dè, tí mínísítà sì ń múra sílẹ̀ fún, ni pé ó bọ́ sí àsìkò tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ aráàlú láàyè láti bi ìjọba ní ìbéèrè lórí afẹ́fẹ́. Àyè yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ Dumor máa ṣọ́, nítorí pé wọ́n ti ń gé e kúrú káàkiri agbègbè yìí.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1972 ni wọ́n bí i ní Accra, orúkọ rẹ̀ gan-an ló sì jẹ́rìí sí i, torí pé Komla ni àwọn Éwé ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn Éwé yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ọmọ Yorùbá. Ìtàn ẹnu wọn ló sọ pé Kétu ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí kí wọ́n tó gba Notsé lọ sí etí òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni bàbá rẹ̀, Ernest Dumor. Bàbá àgbà rẹ̀ ni Philip Gbeho, ẹni tó ṣe orin tí Gánà fi gba òmìnira ní ọdún 1957, tí wọ́n sì ń kọ títí di òní. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan.

Nàìjíríà náà ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀. Yunifásítì Jos ló kọ́kọ́ wá láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ọ̀nà yẹn kò là fún un. Ó padà sí Yunifásítì Gánà, ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá àti ìmọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn. Nígbà tó yá, ó tún lọ gba oyè kejì nínú ìṣàkóso ìlú ní Harvard, ní Amẹ́ríkà. Bí a bá wo iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó ṣòfò nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ́ bí àwùjọ ṣe ń rò àti bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ ló mọ ibi tí ó yẹ kí ìbéèrè ti gún olóṣèlú.

Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè tó lè gúnni, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè bi í. Ní agbègbè yìí, ilé rédíò wà lára ibi tí ológun tó bá fẹ́ gbàjọba ti máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Orí rédíò ni Dimka ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1976, lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed ní Èkó. Orí rẹ̀ ni Sani Abacha ti kéde ìdìtẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún 1983. Orí rẹ̀ náà ni Jerry Rawlings ti bá àwọn ará Gánà sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1979, tó sì tún padà wá ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1981. Ẹni tí gbohùngbohùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìlú ń kà sí olórí. Ìdí nìyí tí ìjọba kankan kò fi fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Dumor ń dàgbà, GBC tí í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba ló ń dá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ Gánà, ohun tó bá sì wu ìjọba ni aráàlú ń gbọ́.

Ọdún 1992 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gánà ṣe òfin ìpìlẹ̀ tuntun, odidi orí kejìlá nínú rẹ̀ ló sì yà sọ́tọ̀ fún òmìnira iṣẹ́ ìròyìn. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé kò gbọdọ̀ sí òfin kankan tí yóò sọ pé dandan ni kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó lè dá ilé iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀. Àmọ́, òfin inú ìwé kì í jà fún ara rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1994 ń parí lọ, Charles Wereko-Brobby gbé Radio Eye kalẹ̀ ní Accra láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìjọba fi rán àwọn agbófinró lọ kó ẹ̀rọ rẹ̀. Inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn ńlá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aládàáni ní ìkànnì. Joy FM, tó wà lórí 99.7 ní Accra, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i gbà.

Irú ọ̀nà yìí náà ni Nàìjíríà gbà ní nǹkan bí àsìkò kan náà. Ọdún 1992 ni ìjọba Babangida ṣe òfin Decree 38 tó dá àjọ NBC sílẹ̀, tó sì ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Ọdún 1994 ni Raypower, rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Èkó. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí a fi ọkàn sí. Òfin Gánà sọ pé kí ìjọba yọwọ́ kúrò. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 39, gba gbogbo ènìyàn láàyè láti dá ilé iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kan rédíò àti amóhùnmáwòrán, ó ní àfi ìjọba tàbí ẹni tí ààrẹ bá fọwọ́ sí. Ọwọ́ kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ló sì ń di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ilé tí wọ́n fi ẹ̀hónú gbà sílẹ̀ yìí ni Dumor bá wọlé. Àga ńlá kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un ní Joy FM. Orí alùpùpù ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń ròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní òpópónà Accra fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn kan yóò kà sí kékeré ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ ní ohun tí yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kò lè kọ́ni: ó mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó mọ awakọ̀ tó ń bínú, ó mọ ẹni tó jí ní agogo mẹ́rin tí kò tíì débi iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ. Nígbà tó wá di atọ́kùn ètò òwúrọ̀ ilé iṣẹ́ náà, Super Morning Show, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Boss Player, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ wọ́n.

Agbára irú ètò òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìṣèlú kò ṣeé fojú kéré. Ìwé ìròyìn lè kọ ọ̀rọ̀ kan kí mínísítà sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mínísítà bá wà lórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa owó tí òpópónà jẹ, tó ń ká ọ̀rọ̀ lẹ́nu, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Awakọ̀ tasín gbọ́ ọ, alátà gbọ́ ọ nínú ọjà, ọ̀gá báńkì gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Aráàlú tó ń gbọ́ náà lè gbé fóònù, kó pe ètò náà, kó sọ pé òun ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà tí mínísítà ń sọ, àti pé kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀. Fún ìran tó ti dàgbà lábẹ́ rédíò tó ń pàṣẹ, ayé tuntun nìyí.

Bí àwọn ọdún náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ahọ́n lásán. Nígbà ìdìbò oṣù kejìlá ọdún 2000, àwọn ilé rédíò aládàáni rán akọ̀ròyìn pẹ̀lú fóònù alágbèéká lọ sí àwọn ibùdó ìdìbò, wọ́n sì ń ka èsì sétí ìlú bí wọ́n ṣe ń kà á níbẹ̀. Èsì tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ láàárọ̀ ṣòro láti yí padà lálẹ́. John Kufuor wọlé ní abala kejì, ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ó borí Atta Mills tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ìjọba, Gánà sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ẹgbẹ́ kan gbé ìjọba fún ẹgbẹ́ mìíràn nípa ìbò láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀ ogun. Ní ọdún 2001, wọ́n pa òfin tó ń sọ akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n nítorí ìbanilórúkọjẹ́ rẹ́. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn Gánà fi Dumor ṣe akọ̀ròyìn tó peregedé jù lọ lọ́dún náà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn oyè ọdún 2003 láìsọ ti ọdún 1992, 1994, 2000 àti 2001 dà bí ẹni tó ń yin ẹ̀kọ tí kò rántí àgbàdo.

Ọdún 2007 ló dara pọ̀ mọ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò Network Africa lórí rédíò. Ó tún ṣe The World Today fún gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n dá Africa Business Report sílẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ní ọdún 2009, òun ni atọ́kùn àkọ́kọ́. Nígbà tí Focus on Africa bọ́ sórí amóhùnmáwòrán ní ọdún 2012, òun ni ojú tí Áfíríkà ń rí. Ṣùgbọ́n wọn kò sé e mọ́ ìròyìn Áfíríkà nìkan. Ó ròyìn ìgbéyàwó ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, William. Ó ròyìn ìsìnkú Kim Jong-il ti Kòríà Àríwá. Tẹ́lẹ̀ rí, Lọ́ńdọ̀nù ló ń sọ bí Accra ṣe rí fún ayé. Ní ti Dumor, ọmọ Accra ló ń sọ bí Lọ́ńdọ̀nù àti Pyongyang ṣe rí, tí ayé sì jókòó tí wọ́n ń gbọ́. Ìwé ìròyìn New African kà á mọ́ 100 ọmọ Áfíríkà tó lágbára jù lọ ní ọdún 2013.

Ní ọdún yẹn kan náà, ó sọ̀rọ̀ níbi àpérò TEDxEuston ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa sọ ìtàn Áfíríkà. Ìlà tó tọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro láti tọ̀. Lápá kan ni àwọn oníròyìn òkèèrè wà, tó jẹ́ pé ebi, ogun àti àrùn nìkan ni wọ́n ń rí. Lápá kejì ni àwọn olórí wa wà, tó jẹ́ pé orin ìyìn nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́, tí ẹnikẹ́ni tó bá sọ ti kòtò ojú ọ̀nà sì di ọ̀tá orílẹ̀-èdè. Dumor kọ méjèèjì. Ó lè fi ayọ̀ bá oníṣòwò tuntun ní Nairobi sọ̀rọ̀, kó sì fi ìbéèrè líle bá ààrẹ orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, kó má sì ka ọ̀kan sí ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí èkejì. Ẹni tó fẹ́ràn ilé baba rẹ̀ ló ń sọ pé òrùlé ń jò.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí yóò dára yóò dára, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Wọn yóò ní ìjọba yòówù kó wà, Dumor yóò yọrí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ro ti àwọn àgbà tó ka ìròyìn ní GBC àti ní NTA lábẹ́ ìjọba ológun. Àwọn náà lóhùn. Èdè wọn dán mọ́rán, ìmúra wọn pé, ìdílé ló sì ń pa ẹnu mọ́ bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù. Títí dòní, orúkọ wọn dùn lẹ́nu àwọn tó gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ fún wọn ni wọ́n ń kà. Bí ìwé náà bá sọ pé ìlú tòrò, wọn yóò kà á pé ìlú tòrò, kódà bí wọ́n bá gbọ́ ìbọn lẹ́yìn ilé. Ẹ̀bùn wọn kò kéré sí ti Dumor; àyè tí wọ́n rí ló kéré.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé òmìnira afẹ́fẹ́ a máa bí ariwo àti èébú. Òtítọ́ ni. Ní Gánà yìí kan náà, ní ọdún 2016, àwọn mẹ́ta kan lórí Montie FM halẹ̀ mọ́ àwọn adájọ́ lórí afẹ́fẹ́. Rùwáńdà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: ní ọdún 1994, rédíò RTLM ló ń sọ ibi tí àwọn Tutsi sá pamọ́ sí fún àwọn apànìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òmìnira gbọ́dọ̀ dáhùn èyí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó sún mọ́ ìjọba Rùwáńdà pẹ́kípẹ́kí ló dá RTLM sílẹ̀ tí wọ́n sì ń tì í lẹ́yìn; àìsí ohùn mìíràn tó lágbára láti ta kò ó ló jẹ́ kí majele rẹ̀ ràn. Ìdáhùn kejì ni ohun tí Gánà ṣe fún àwọn Montie: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ wọn ní gbangba, ó sì rán wọn lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin. Ó dunni pé ààrẹ dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lò ó tán, nítorí pé ará ilé òṣèlú rẹ̀ ni wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀nà náà tọ́. Adájọ́ ló yẹ kó dá ẹni tó bá fi gbohùngbohùn ṣèkà lẹ́jọ́. Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìbéèrè ń bí nínú jẹ́ ẹni tí yóò pa iná rẹ̀.

Pípa iná yìí ló sì ń tàn kálẹ̀. Ní Nàìjíríà, oṣù kẹrin ọdún 2021 ni NBC dá Channels dúró, tó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé e, nítorí pé wọ́n fọ̀rọ̀ wá agbẹnusọ ẹgbẹ́ IPOB lẹ́nu wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n bu owó kan náà lé Trust TV lórí fíìmù tó ṣe nípa àwọn agbébọn, bíi pé fíìmù ló ń jí ènìyàn gbé. Ní oṣù yẹn kan náà, àjọ náà kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè, kó tó dáwọ́ dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé NBC kò ní agbára láti bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, nítorí pé kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni adájọ́ náà sọ. Ẹnìkan kò lè jẹ́ ọlọ́pàá, olùpẹjọ́ àti adájọ́ nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo.

Gánà tó ti jẹ́ àwòkọ́ṣe pàápàá kò bọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àjọ tó ń ṣàkóso ìkànnì níbẹ̀ ti Radio Gold àti Radio XYZ pa. Wọ́n ní ọjọ́ ìwé àṣẹ wọn ti kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jẹ́ ti alátakò, gbogbo ìlú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa Ahmed Hussein-Suale, akọ̀ròyìn tó ń tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, ní Accra. Ní apá Sahel, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá owó ìtanràn. Málì lé RFI àti France 24 kúrò lórí afẹ́fẹ́ ní ọdún 2022. Burkina Faso dá BBC àti VOA dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù kẹrin ọdún 2024, torí pé wọ́n ròyìn ẹ̀sùn pé àwọn ọmọ ogun pa ará abúlé. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Niger dá BBC dúró fún oṣù mẹ́ta. Ìjọba Tógò, tó jẹ́ pé ògiri ló pín ọmọ Éwé ibẹ̀ àti ti Gánà, dá RFI àti France 24 dúró fún oṣù mẹ́ta ní ọdún 2025. Bí Dumor bá wà láyé, tó sì wà ní ibi iṣẹ́ tó kú sí, àwọn olú-ìlú kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ohùn rẹ̀ kì bá ti dé láàárín ọdún díẹ̀ yìí.

Àwọn ológun tó ń pàṣẹ náà ní àwáwí kan tó ń wọ àwọn ọ̀dọ́ létí: wọ́n ní ilé iṣẹ́ òkèèrè ni, ohun èlò ìjọba amúnisìn. Àríwísí wà fún bí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ṣe ń ròyìn wa. Dumor fúnra rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún láti inú ilé wọn láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni, ṣebí rédíò abẹ́lé ni yóò wá gba òmìnira kún un. Ìdàkejì ni wọ́n ṣe. Bí wọ́n ṣe ń lé àlejò ni wọ́n ń di ẹnu onílé.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù nínú ìtàn Dumor tí kò dùn láti sọ. Joy FM ló tọ́ ọ, Lọ́ńdọ̀nù ló lò ó dé òpin. Láti ọdún 2015 ni BBC ti ń fún ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ilẹ̀ Áfíríkà ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Nancy Kacungira láti Ùgáńdà ló kọ́kọ́ gbà á; ọmọ Nàìjíríà méjì ló tẹ̀lé e, Didi Akinyelure ní ọdún 2016 àti Amina Yuguda, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yola, ní ọdún 2017. Ohun rere ni, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Àmọ́, ó yẹ kí ojú ti àwọn ìjọba àti àwọn olówó agbègbè yìí pé òkèèrè ni ọmọ wa ti ń gba orúkọ, òkèèrè náà ló sì ń rántí rẹ̀ fún wa. Ní Nàìjíríà, ààrẹ ló ṣì ń yan ọ̀gá NTA. Lọ́wọ́ àwọn aládàáni, ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ló ń ṣiṣẹ́ lóṣù tí wọn kò rí owó oṣù gbà, títí ẹni tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò yóò fi di ẹni tó ń fún wọn lówó ọkọ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè bi mínísítà ní ìbéèrè kejì.

Ìbéèrè kejì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́, olóṣèlú ti há ìdáhùn rẹ̀ sórí láti ilé. Ìgbà tí akọ̀ròyìn bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí mo bèèrè kọ́ nìyẹn," ni òtítọ́ tó máa ń yọjú. Kí ẹnìkan tó lè sọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn láìfòyà, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn kò ní ti ilé iṣẹ́ òun pa lọ́la, pé wọn kò ní fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé òun lóru, pé owó oṣù òun kò sí lọ́wọ́ ẹni tí òun ń bi léèrè.

Nítorí náà, bí àwọn aṣòfin Nàìjíríà bá fẹ́ bọlá fún irú ẹni tí Dumor jẹ́, iṣẹ́ wà níwájú wọn. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ rédíò kúrò lábẹ́ ìfọwọ́sí ààrẹ nìkan. Kí wọ́n kọ ìdájọ́ ọdún 2023 sínú òfin NBC, kó lè jẹ́ pé ilé ẹjọ́ nìkan ni yóò máa fìyà jẹ ilé iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀. Kí yíyan ọ̀gá NTA àti ti rédíò ìjọba gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan kò lè dá ṣàkóso, kí sáà wọn má sì bá ti ààrẹ parí. Kí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ aládàáni san owó òṣìṣẹ́ wọn. Aráàlú náà ní tiwọn: bí wọ́n bá pa ilé iṣẹ́ ìròyìn kan lẹ́nu mọ́ nítorí pé ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ tí a kò fẹ́ràn, kí a má pàtẹ́wọ́, torí pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó.

Oṣù kejì ọdún 2014 ni wọ́n sin Komla Dumor ní ilẹ̀ Gánà. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní agbègbè yìí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ̀kan lè wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run fún ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bóyá yóò rí ibi tí yóò ti fi ohùn náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba nígbà tó bá dàgbà, ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòfin lónìí, àti àwọn tó ń dìbò fún wọn.